Ohun Tó Mú Ìtàn Ìtọpinpin Onífàrabalẹ̀ Dùn Kà

Ní 1930, Agatha Christie, òǹkọ̀wé ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé ìwé kan jáde tí àkọlé rẹ̀ ń jẹ́ The Murder at the Vicarage. Nínú ìwé náà, wọ́n bá òkú Kọ́nẹ́ẹ̀lì Protheroe nínú yàrá ìkàwé àlùfáà abúlé kan tí ń jẹ́ St. Mary Mead. Ìbọn ni wọ́n yìn pa á. Ọkùnrin náà le, ará abúlé kò sì fẹ́ràn rẹ̀. Àlùfáà gan-an ti sọ ọ́ lẹ́nu nídìí oúnjẹ ọ̀sán pé ẹni tó bá pa Protheroe ṣe aráyé lóore. Ọlọ́pàá dé, wọ́n ń wá, wọ́n ń bi. Ẹni tó wá tú àṣírí náà kì í ṣe ọlọ́pàá. Obìnrin arúgbó kan tí kò lọ́kọ, tí ọgbà òdòdó rẹ̀ kángun sí ilé àlùfáà, tó sì ń rí ẹni tó wọlé àti ẹni tó jáde, òun ló tú u. Miss Marple lorúkọ rẹ̀.

Irú ìwé báyìí làwọn Òyìnbó ń pè ní cozy mystery. Ìtàn ìtọpinpin onífàrabalẹ̀ ni n ó máa pè é nínú àlàyé yìí. Ẹnì kan máa ń kú nínú rẹ̀, àmọ́ òǹkọ̀wé kì í da ẹ̀jẹ̀ síwájú yín. Nígbà tí wọ́n bá fi máa ṣílẹ̀kùn, ìpànìyàn náà ti ṣẹlẹ̀ tán. Ẹ ò ní rí ibi tí wọ́n ti ń dá ènìyàn lóró, bẹ́ẹ̀ ni ẹ ò ní pàdé ọ̀rọ̀ rírùn tí ẹ ò ní lè kà sétígbọ̀ọ́ ọmọ. Ohun tó gba gbogbo ìwé náà ni ìbéèrè: ta ló ṣe é, báwo ló ṣe rí i ṣe, kí ló sì dé tó fi ṣe é?

Ẹni tó ń wá ìdáhùn ni wọ́n ń pè ní amateur sleuth. Ẹ jẹ́ ká pè é ní atọpinpin àdúgbò. Ìjọba kò gbà á síṣẹ́, ẹnikẹ́ni kò sanwó fún un, kò sì láṣẹ láti mú ènìyàn. Ó lè jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ó lè jẹ́ àlùfáà, ó lè jẹ́ ẹni tó ń ta ìwé tàbí ẹni tó ń ṣe búrẹ́dì. Ojú rẹ̀ àti etí rẹ̀ ló fi ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú ìrántí tí kì í tètè ṣá, àti pé àwọn ènìyàn kì í bẹ̀rù láti jókòó tì í kí wọ́n máa sọ̀rọ̀.

Ibẹ̀ gan-an ni adùn ìwé yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ọlọ́pàá ní ohun tí wọ́n fi ń yẹ ìtẹ̀ka wò, wọ́n ní dókítà tó ń yẹ òkú wò, wọ́n sì lè mú ìwé àṣẹ dání wọ ilé onílé. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó tí ẹ ń kàwé kò ní ìkankan nínú wọn, atọpinpin àdúgbò náà kò sì ní. Ohun tó rí lẹ̀ ń rí, ohun tó gbọ́ lẹ̀ ń gbọ́. Nígbà tó bá wá sọ ní ìparí pé òun ti mọ̀ ọ́n, ẹ ò lè sọ pé ẹnikẹ́ni fi ohun kan hàn án tí wọn ò fi hàn yín. Ọgbọọgba lẹ jọ wà.

Ẹ rántí bí a ṣe ń pa àlọ́ àpamọ̀. Ẹni tó ń pa á gbọ́dọ̀ fi ìdáhùn sínú ọ̀rọ̀ tó sọ. Bí wọ́n bá já àlọ́ náà tán tí ìdáhùn kò bá ọ̀rọ̀ mu, àwọn ọmọ yóò pariwo pé ó rẹ́ àwọn jẹ, wọn kò sì ní gbà. Irú àdéhùn yìí ló wà láàárín ẹni tó kọ ìtàn ìtọpinpin onífàrabalẹ̀ àti ẹni tó ń kà á.

Wọ́n tilẹ̀ kọ àdéhùn náà sílẹ̀. Ronald Knox, àlùfáà ìjọ Kátólíìkì tóun náà ń kọ ìtàn ìtọpinpin, gbé òfin mẹ́wàá jáde ní 1929. Lára wọn ni pé ọ̀daràn gbọ́dọ̀ ti yọjú láti ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn. Pé iwin tàbí agbára àìrí kò gbọdọ̀ jẹ́ ìdáhùn. Pé atọpinpin kò gbọdọ̀ rí àmì kan kó má fi han òǹkàwé. Pé atọpinpin fúnra rẹ̀ kò gbọdọ̀ jẹ́ ọ̀daràn. Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, Christie, Dorothy L. Sayers àtàwọn òǹkọ̀wé mìíràn dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù tí wọ́n ń pè ní Detection Club, G. K. Chesterton sì ni ààrẹ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá fẹ́ wọ ẹgbẹ́ náà ní láti búra pé òun kò ní fi àmì pàtàkì pamọ́ fún òǹkàwé. Kì í ṣe gbogbo òfin Knox ni wọ́n pa mọ́, àwọn kan sì wà tí wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ rú, àmọ́ òǹkàwé tí wọ́n bá rẹ́ jẹ kì í padà wá ra ìwé kejì.

Àyíká ìtàn náà máa ń kéré, wọ́n sì nídìí tí wọ́n fi ṣe é bẹ́ẹ̀. Abúlé ni, tàbí ọkọ̀ ojú omi, tàbí ilé ńlá kan tí òjò yìnyín sé àwọn àlejò mọ́. Bó bá jẹ́ ìgboro ìlú ńlá ni wọ́n ti pa ènìyàn, ẹnikẹ́ni lè ti kọjá kó ṣe é kó sì máa lọ. Ẹ ò ní rí ibi tí ẹ ó ti bẹ̀rẹ̀ ìrònú. Ní abúlé, ẹni tó ṣe é wà láàárín ènìyàn díẹ̀ tí ẹ ti gbọ́ orúkọ wọn. Ẹ jẹ́ ká pe àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní agbo afurasí. Nípa ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú agbo náà, ohun mẹ́ta lẹ ní láti mọ̀: ṣé ó nídìí tó fi lè fẹ́ kí olóògbé kú, ṣé ó ráyè dé ibẹ̀, ṣé ọwọ́ rẹ̀ sì tó ohun tí wọ́n fi pa á?

Wàyí o, ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ń fi àmì pamọ́, nítorí ibẹ̀ ni iṣẹ́ ọwọ́ òǹkọ̀wé ti ń hàn jù. Àmì ni ohun kékeré tó ń tọ́ka sí òtítọ́. Òfin ní kí òǹkọ̀wé fi hàn yín. Òun kò sì fẹ́ kí ẹ kíyè sí i. Ọ̀nà tó gbà ń ṣe é ni pé ó máa ń là á sí méjì tàbí mẹ́ta, á gbé apá kan síbí, á gbé ìyókù sí ọ̀nà jíjìn.

N ó fi ìtàn kan tí mo dá sílẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ìyá olówó kan kú sórí àga nílé rẹ̀. Ní orí kejì ìwé náà, aládùúgbò kan yà wá kí wọn kú ará fẹ́ra kù. Bó ṣe ń wọlé, ó rí bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó rí agboòrùn ọmọbìnrin olóògbé tí omi ṣì ń kán lára rẹ̀, ó rí àpò èlùbọ́ tí ẹnì kan gbé wá. Kó tó jókòó, ọmọdé kan figbe ta nínú yàrá, gbogbo ilé sì sáré lọ. Ní orí keje, ọmọbìnrin náà fi omijé sọ fún ọlọ́pàá pé láti àárọ̀ lòun ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá òun, òun ò fẹsẹ̀ kan ìta. Ní orí kẹsàn-án, àgbẹ̀ kan ń ṣàròyé pé òjò ọjọ́ náà kò tó nǹkan, pé aago méjì ọ̀sán ló rọ̀, kò sì pẹ́ tó fi dá.

Kò sẹ́ni tó gbé ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí ojú kan fún yín. Ẹ̀yin lẹ ó so wọ́n pọ̀. Bí òjò bá rọ̀ ní aago méjì, tí agboòrùn sì tutù, ẹnì kan gbé e jáde ní aago méjì. Ó lè jẹ́ ọmọbìnrin náà, á jẹ́ pé irọ́ ló pa. Ó lè jẹ́ ẹlòmíràn tó mọ ibi tí agboòrùn náà máa ń wà, á jẹ́ pé ẹni náà mọ inú ilé yẹn dáadáa. Ọ̀nà méjèèjì ń gbé yín lọ síbi tí ẹ ò tíì dé.

Ẹ tún wo ọgbọ́n tó wà nínú orí kejì. Agboòrùn náà wà láàárín nǹkan mẹ́ta, kò sí níbẹ̀rẹ̀, kò sí níparí. Igbe ọmọ ló sì tẹ̀ lé e, tó gba ọkàn yín lọ. Ọ̀nà kẹta tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n á fi àmì náà sẹ́nu ẹni tí ará ilé kò kà sí: ọmọ ọ̀dọ̀, ọmọ kékeré, ìyá àgbà tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pọ̀. Bí ẹ bá ti ń ka ìwé tí ẹ rí ẹni tí gbogbo wọn ń sọ fún pé kó dákẹ́, ẹ tẹ́tí sí i.

Ọ̀rọ̀ kan tún kù tí àwọn Òyìnbó ń pè ní red herring. Àmì ẹ̀tàn ni. Kì í ṣe irọ́ tí òǹkọ̀wé pa. Òótọ́ ni, àmọ́ àṣírí mìíràn ló ń tọ́ka sí. Nínú ìwé tó bá dára, gbogbo agbo afurasí ló ń fi nǹkan pamọ́. Ọ̀kan jẹ gbèsè tí ìyàwó rẹ̀ kò mọ̀. Òmíràn ń yọ́ rí ẹni tí kò yẹ kó máa rí. Òmíràn ti ṣẹ̀wọ̀n rí ní ìlú mìíràn. Nígbà tí ìwádìí bẹ̀rẹ̀, ìbẹ̀rù kó gbogbo wọn, kálukú ń parọ́ láti bo tirẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo sì ni irọ́ tirẹ̀ kan ikú náà. Ní tèmi, ibí ni mo ti ń gbádùn jù. Bí ẹ ti ń ṣí àṣírí kéékèèké wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ ń mọ ènìyàn, bí ẹ ò tilẹ̀ mọ apààyàn.

Nínú The Murder at the Vicarage, agogo kan wà nínú yàrá ìkàwé àlùfáà. Àwọn ará ilé máa ń yí i síwájú ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kí àlùfáà má baà pẹ́ dé ibi tó ń lọ. Gbogbo ìwádìí wá rọ̀ mọ́ aago tí ìbọn dún. Àlùfáà fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ agogo yìí fún Ìnsípẹ́kítọ̀ Slack, ṣùgbọ́n Slack kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ parí. Ó ti gbà pé òun mọ iṣẹ́ òun. Ẹ ò rí i bí ohun tí ará ilé mọ̀ láìwádìí ṣe fo ọ̀gá ọlọ́pàá ru. N ò ní sọ bóyá àmì ni agogo náà tàbí àmì ẹ̀tàn.

Ẹ óò tún kíyè sí i pé májèlé pọ̀ nínú ìwé Christie. Nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní, ó ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń po oògùn nílé ìwòsàn ní Torquay, ìlú rẹ̀, níbẹ̀ ló ti mọ ìwọ̀n tí oògùn fi ń di ikú. Májèlé wúlò fún irú ìtàn yìí nítorí kì í pariwo, kì í sì í ta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹni tó fi í sínú oúnjẹ lè wà ní ìlú mìíràn nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́. Ìbéèrè ọlọ́pàá pé ibo lo wà lálẹ́ àná kò wúlò mọ́. Ìbéèrè tó kù ni ẹni tó se oúnjẹ, ẹni tó bù ú, ẹni tó ní òun ò jẹ nínú rẹ̀. Ilé ìdáná nìyẹn, àwọn tó mọ ilé ìdáná ló sì lè dáhùn rẹ̀.

Ìtàn kúkúrú kan wà tó fi èyí hàn dáadáa, The Tuesday Night Club, tó kọ́kọ́ jáde nínú ìwé ìròyìn ní 1927. Inú rẹ̀ la ti kọ́kọ́ pàdé Miss Marple. Àwọn ènìyàn kan péjọ sílé rẹ̀: Raymond West ìbátan rẹ̀ tó jẹ́ òǹkọ̀wé, obìnrin tó ń ya àwòrán, àlùfáà àgbà, lọ́yà, àti Sir Henry Clithering tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà ní Scotland Yard, olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n pinnu pé kálukú yóò máa sọ ìtàn kan tó jẹ́ kàyéfì, àwọn tó kù yóò sì já a. Wọ́n ka ara wọn, wọ́n jẹ́ márùn-ún. Wọn ò ka arúgbó tó jókòó sídìí iná tó ń fi òwú hun nǹkan. Òun fúnra rẹ̀ ló rán wọn létí pé òun wà níbẹ̀. Sir Henry wá sọ tirẹ̀: ènìyàn mẹ́ta jẹ oúnjẹ alẹ́ kan náà, alákàṣà inú agolo wà níbẹ̀, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣàìsàn, ọ̀kan sì kú. Lọ́yà já a tì, òǹkọ̀wé já a tì. Arúgbó tí wọ́n gbàgbé láti kà ló já a.

Báwo ló ṣe ń ṣe é? Ohun tí Miss Marple ń ṣe kò ju pé ó ń fi ẹni tuntun wé ẹni tó ti mọ̀ rí. Bó bá rí ọkùnrin kan tó ń fa ojú obìnrin mọ́ra, ó máa ń rántí ẹnì kan ní St. Mary Mead tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí, àti ohun tó gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà. Ó ti gbé ibì kan fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó ti rí ojúkòkòrò, ó ti rí ìlara, ó ti rí ìfẹ́ tó sọ ènìyàn di òmùgọ̀. Christie sọ nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ pé Miss Marple fi ohun kan jọ ìyá àgbà òun: ìyá náà kì í tètè gba ẹnikẹ́ni gbọ́, ìfura rẹ̀ sì sábà máa ń jẹ́ òótọ́. Ìwé àròsọ gígùn 12 ni Christie kọ nípa Miss Marple, kò sì gbé ìbọn lé e lọ́wọ́ láti fi ṣọdẹ ẹnikẹ́ni.

Ẹlòmíràn lè bi yín pé kí ló dùn nínú ikú ènìyàn. Ìbéèrè gidi ni, mi ò sì fẹ́ fò ó. Ẹ wo The Body in the Library, ìwé Christie tó jáde ní 1942. Wọ́n bá òkú ọmọbìnrin kan tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ rí nínú yàrá ìkàwé Kọ́nẹ́ẹ̀lì Bantry, ní St. Mary Mead kan náà. Kọ́nẹ́ẹ̀lì náà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Síbẹ̀, kò pẹ́ tí ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀, tí àwọn ọ̀rẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yẹra fún un. Miss Marple rí i pé bí wọn ò bá mọ ẹni tó ṣe é, ìfura ni yóò pa ọkùnrin yẹn ní tirẹ̀. Ohun tí irú ìwé yìí gbà gbọ́ nìyẹn: a ò gbọdọ̀ fi ikú ẹnikẹ́ni sílẹ̀ láìbéèrè, ì báà jẹ́ àjèjì tí a kò mọ orúkọ rẹ̀, ì báà jẹ́ Protheroe tí kò sẹ́ni tó sunkún rẹ̀. Títí a ó fi mọ òtítọ́, gbogbo aláìṣẹ̀ ló ń gbé ẹrù ẹlẹ́ṣẹ̀. Ìgbà tí ẹrù náà bá kúrò lórí wọn ní ìparí ìwé ni ara máa ń tu òǹkàwé.

Miss Marple kọ́ ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sì gbẹ̀yìn. Father Brown, àlùfáà kúkúrú tí Chesterton dá, ti wà nínú ìwé ní 1911. Inú yàrá ìjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ló ti mọ ohun tí ènìyàn lè ṣe. Ní Amẹ́ríkà, Angela Lansbury ṣe Jessica Fletcher, olùkọ́ tó fẹ̀yìn tì tó di òǹkọ̀wé, nínú eré tẹlifíṣọ̀n Murder, She Wrote láti 1984 títí di 1996. Ní 2020, Richard Osman gbé The Thursday Murder Club jáde: àgbàlagbà mẹ́rin tí wọ́n ń gbé ibùgbé àwọn tó ti fẹ̀yìn tì ní Kent, ọ̀kan ti ṣe amí fún ìjọba, ọ̀kan ti ṣe nọ́ọ̀sì, ọ̀kan jẹ́ dókítà ọpọlọ, ọ̀kan jẹ́ olórí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́.

Ní èdè Yorùbá, a ní ìtàn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ tiwa. Ọládẹ̀jọ Òkédìjí kọ Àjà Ló Lẹrù ní 1969 àti Àgbàlagbà Akàn ní 1971. Lápàdé tó ti ṣe ọlọ́pàá rí ni akọni inú wọn. Ìjà àti eré sísá pọ̀ nínú wọn, nítorí náà wọn kì í ṣe onífàrabalẹ̀. Kọ́lá Akínlàdé, tó kọ Owó Ẹ̀jẹ̀, sún mọ́ ọn díẹ̀ sí i, nítorí òun fẹ́ràn kí a máa béèrè ẹni tó ṣe é. Ó wù mí gidigidi kí òǹkọ̀wé kan lóde òní gbé ìyá ọlọ́jà kan kalẹ̀ fún wa, ẹni tó ti jókòó sójú kan lọ́jà láti ìgbà ọmọge, tó mọ ẹni tó ra kí ni lọ́wọ́ ta, tó sì mọ ìgbà tí oníbàárà yí ohùn padà. Àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò wọ́n wa.

Bí ẹ bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ìtàn kúkúrú ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Inú The Thirteen Problems, ìwé Christie tó jáde ní 1932, ni ìtàn alẹ́ Tuesday yẹn wà. Ẹ lè máa ka ọ̀kan lálẹ́ kan. Ẹ fara balẹ̀ ka ojú ewé àkọ́kọ́, nítorí ibẹ̀ ni wọ́n máa ń kó nǹkan pamọ́ sí jù. Ẹ kọ orúkọ agbo afurasí sórí ìwé pélébé kan. Ohunkóhun tí afurasí bá sọ nípa ara rẹ̀, ẹ béèrè bóyá ẹlòmíràn rí i tó ń ṣe é. Nígbà tí atọpinpin bá ní kí gbogbo wọn péjọ, ẹ pa ìwé dé, kí ẹ kọ orúkọ ẹni tí ẹ fura sí àti ìdí rẹ̀ kí ẹ tó ṣí i padà. Bí ẹ bá kà á tán, ẹ padà ka orí àkọ́kọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ẹ óò rí àwọn àmì náà níbi tí wọ́n wà láti ìbẹ̀rẹ̀, kò sí èyí tí wọ́n fi pamọ́ fún yín. Kíka ẹlẹ́ẹ̀kejì yìí, àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ, mo sì wà lára wọn.

Láti 1952 ni wọ́n ti ń ṣe The Mousetrap, eré orí ìtàgé tí Christie kọ, ní Lọ́ńdọ̀nù. Àrùn Kòrónà nìkan ló dá a dúró fúngbà díẹ̀, ní 2020. Ní ìparí eré náà, wọ́n máa ń bẹ àwọn tó wá wòran pé kí wọ́n má sọ ẹni tó ṣe é fún ẹnikẹ́ni níta. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìwé yìí náà: bí ẹ bá yá ènìyàn ní ọ̀kan, ẹ jẹ́ kó wá a rí fúnra rẹ̀.